Yàrá Màmá tó kọ̀ tí kò gbóná

Ọyẹ́ ti mú ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ náà, ètè gbogbo wa ti ń là, nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè mí lórí WhatsApp láti Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni. Mi ò tíì kí i tán tí Màmá wa fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti oṣù kọkànlá, ó lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ó wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, ó fi ìró bora, ó wé gèlè mọ́ etí, ohùn rẹ̀ sì ti ha. Ó ní, "Ọmọ mi, inú fíríìjì ni wọ́n fi mí sí o." Ẹni ọdún 71 ni Màmá. Láti ìgbà tó ti sọ gbólóhùn yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Mo ní kí àbúrò mi ro ọ̀rọ̀ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní pálọ̀ àwọn ń gbóná débi pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni ọkọ òun ń wọ̀ jókòó níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń ṣí fèrèsé nígbà mìíràn. Yàrá tí Màmá ń sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tutù nini. Ti ọmọ kò tutù tó ti Màmá, ṣùgbọ́n kò gbóná bó ṣe yẹ. Owó gáàsì oṣù kejìlá sì ju gbogbo èyí tí wọ́n ti san rí lọ. "Bọ̀dá mi, bí a ṣe ń sun gáàsì tó, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń mú Màmá tó. Ẹ bá wa wò ó." Éjẹ́ǹtì tó ń bójú tó ilé náà ti ní òun máa rán ènìyàn wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá lórí ìyẹn, wọn ò rí ẹnì kan.

Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe, ojú ọ̀nà Ejìnrìn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kò sí ẹni tó ń fi rádíétọ̀ mú ilé gbóná ní Ìjẹ̀bú, rádíétọ̀ ọkọ̀ nìkan là ń gbọ́, torí náà mi ò tọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò rí. Ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bọ́ílà kan wà ní ilé ìdáná wọn tó ń fi gáàsì gbé omi kaná. Pọ́ǹpù á ti omi gbígbóná yẹn gba inú páìpù kiri ilé, á wọ inú àwọn rádíétọ̀, ìyẹn àwọn irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, omi náà á sì padà wálé láti tún gbóná. Rádíétọ̀ méje ni wọ́n ní. Ní ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni orí fáàfù funfun kan wà, kò tóbi ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ, wọ́n kọ nọ́ńbà yí i ká láti 1 dé 5.

Nígbà tí àbúrò mi gbé fóònù súnmọ́ orí fáàfù náà, ó dà bíi pé mo rí ojú tí mo mọ̀. Nínú yàrá yìnyín àwọn tó ń ta ẹja òkú Èkó, fáàfù kan wà tó ní ikùn kékeré tí a máa ń dè mọ́ ara páìpù. Ohun tó wà nínú ikùn yẹn máa ń wú bí páìpù bá gbóná, á sì sún fáàfù. Mo ti pààrọ̀ irú rẹ̀ tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ Danfoss, tí ọ̀gbẹ́ni Mads Clausen dá sílẹ̀ ní Nordborg ní Denmark lọ́dún 1933, ara irú fáàfù fíríìjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1943, Clausen kan náà ló gbé irú ọgbọ́n yìí lọ sórí rádíétọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni fáàfù ẹja òkú Èkó àti fáàfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Èyí ló fún mi nígboyà láti sọ fún wọn pé ká jọ wò ó lórí fóònù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú orí fáàfù ni ìkòkò kékeré kan wà, wọ́n rọ ìda tàbí omi àrà ọ̀tọ̀ kan sínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ti ń gbóná, ohun inú ìkòkò á wú, á tẹ píìnì kan wọlé, píìnì á sì dí ọ̀nà omi. Bí yàrá bá tutù, ó tún sún kì, sípíríǹgì á ti píìnì jáde, omi gbígbóná á máa wọlé. Kò lo iná mànàmáná rárá. Afẹ́fẹ́ tó yí orí rẹ̀ ká nìkan ló ń fetí sí. Nọ́ńbà tí a yí i sí ló ń sọ ibi tó ti máa dúró: lórí ọ̀pọ̀ wọn, 2 jẹ́ nǹkan bíi dígírì 16, 3 jẹ́ 20, 4 jẹ́ 24, 5 jẹ́ 28. Àmì yìnyín kan tún wà níbẹ̀, ìyẹn wà ní nǹkan bíi dígírì 7, kí omi inú páìpù má baà dì bíi yìnyín.

Ibi ìdúró ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í sọ bí ooru ṣe máa yára tó. Mo tẹnu mọ́ ọn fún wọn, torí àṣìṣe yìí ló kún ọwọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oníbàárà á dé láti ọjà lọ́sàn-án, òógùn á bò ó, á yí ẹ̀rọ amúlétutù sí 16 pé kó lè tètè tutù. Ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter, ìyẹn irú tó lè dín agbára kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un, kò mọ ìyẹn. Agbára tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ní 24 náà ló máa lò ní 16, kò kàn ní rí ibi sinmi ni. Àna mi, ọkọ àbúrò mi, gbà pẹ̀lú mi lójú ẹsẹ̀ pé irú rẹ̀ lòun ń ṣe. Ìgbàkigbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, 5 ló máa ń yí ti pálọ̀ sí.

Yàrá Màmá la kọ́kọ́ mú. Nọ́ńbà wà lórí 5 níbẹ̀ náà, rádíétọ̀ sì tutù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní kí àna mi fi ọwọ́ kan páìpù tó wọ inú fáàfù láti ilẹ̀. Ó yára fà á padà. Mo ní kó fọwọ́ kan irin lókè fáàfù. Ó ní ó tutù. Omi gbígbóná ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, a kò ṣílẹ̀kùn fún un ni. Mo wá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń lo yàrá náà kí Màmá tó dé. Àbúrò mi ní ó ṣófo ni, àwọn pa fáàfù ibẹ̀ pátápátá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ọ̀rọ̀ ti já sí ojútùú nìyẹn. Píìnì tí ìkòkò ìda tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìsún máa ń lẹ̀ mọ́ ibùsùn rẹ̀. Bí a bá ṣí orí fáàfù lẹ́yìn náà, orí nìkan ló ń yí, píìnì kò dìde.

Mo ní kí wọ́n fi orí fáàfù sílẹ̀ ní 5 kí wọ́n tó tú u, kí ó má baà tẹ píìnì nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló dè é mọ́ ara páìpù. Àna mi yí i sí apá òsì, orí jáde wọ̀ọ́. Kò sí omi tó yọ, kò sì yẹ kó yọ. Píìnì náà wá hàn kedere lójú fóònù: idẹ kékeré kan, kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, ó rì sínú ihò rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú etí. Èyí tó sàn máa ń yọrí jáde bíi mìlímítà mélòó kan.

Àna mi ti mú páláyà lọ́wọ́. Mo pariwo. Bí ènìyàn bá fi páláyà fa píìnì yẹn, ó lè fà á yọ pátápátá, omi gbígbóná á sì tú sórí kápẹ́ẹ̀tì àti sórí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Títẹ̀ là ń tẹ̀ ẹ́, a kì í fà á. Igi pẹlẹbẹ ló dára fún un. Màmá ló fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ó gbé ọmọorógùn wá, èyí tó gbé láti Ìjẹ̀bú lọ fi ro àmàlà. Àna mi fi ìdí ọmọorógùn tẹ píìnì jẹ́jẹ́, ó tú u sílẹ̀, kò dìde. Mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ igi náà gbá ara fáàfù, kò le, kò rọ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dìde. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò dìde. Bóyá ó tó ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ nínú fóònù, "tẹ́!", píìnì ta jáde, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọlé, ṣìììì. Àbúrò mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rádíétọ̀. Kò pẹ́ tó fi ní, "Bọ̀dá mi, ó ń gbóná, ó ń gbóná!" Màmá ò sọ nǹkan kan. Ó fa àga súnmọ́ ọn, ó jókòó tì í.

Mo ní kó tún tẹ píìnì náà bí ogún ìgbà kí ó lè mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, kó tó dá orí padà. Àwa méjèèjì wò ó bóyá omi ń sun ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sun.

Yàrá ọmọ ló tàn mí. Níbẹ̀, nọ́ńbà wà lórí 3, rádíétọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, tẹmọ́mítà kékeré tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ ń ka 15. Èyí kéré. Láàárín dígírì 16 sí 20 ni wọ́n máa ń gbà àwọn òbí nímọ̀ràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yàrá ìkókó. Mo gbà pé píìnì tiẹ̀ náà ti lẹ̀ ni, mo ní kí wọ́n tú u. Píìnì ń fò bí ẹlẹ́ńgà, kò ní àrùn kankan. A dá orí padà, mo dákẹ́, mo ń wo àwòrán tó wà lójú fóònù. Ìgbà náà ni Màmá kọjá, ó sì to nápíìnì méjì àti aṣọ ìkókó mẹ́ta padà sórí rádíétọ̀, ibi tí wọ́n wà kí a tó dé. Etí nápíìnì kan bo orí fáàfù.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀ nìyẹn. Orí fáàfù ò mọ yàrá, afẹ́fẹ́ tó kan án ló mọ̀. Nígbà tí aṣọ bá bò ó, ooru rádíétọ̀ á há mọ́ abẹ́ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀, á máa rò pé gbogbo yàrá ti dé 20, á sì ti omi pa, nígbà tí ọmọ tó wà lókèèrè ṣì ń tutù. Kọ́tìnnì tó gùn dé ilẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn sófà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Màmá ló wá ń rò mí lọ́kàn, torí tìfẹ́tìfẹ́ ló fi ń sá aṣọ ọmọ náà, wọn ò ní oòrùn tí ènìyàn lè sá aṣọ sí níbẹ̀ lóṣù kìíní. Mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Aṣọ yẹn ń tan ẹ̀rọ jẹ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wá ibòmíràn sá a." Ó ní ṣé òun lòun ń mú òtútù wá fún ọmọ ọmọ òun ni? Mo ní rárá o, kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Wọ́n ra ohun ìsáṣọ onírin kan, wọ́n gbé e sí ilé ìwẹ̀, wọ́n ń ṣí fèrèsé ibẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀rinrin lè jáde. Lọ́jọ́ kejì, tẹmọ́mítà ọmọ ka 19, wọn ò sì fọwọ́ kan nọ́ńbà 3 rárá.

Ó ku owó gáàsì, ibẹ̀ ni mo ti ronú pẹ́ jù. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àárọ̀ ni mo pè wọ́n pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ fún bọ́ílà hàn mí. Tẹ́mósítáàtì kékeré kan ni, ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ló wà. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá dé iye tí wọ́n ṣètò, á ní kí bọ́ílà sinmi. Wọ́n ṣètò rẹ̀ sí 22. Mo ní kí wọ́n fi rádíétọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn mí: fáàfù tirẹ̀ wà lórí 1. Àna mi ṣàlàyé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé òun ló yí i bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní ká dín owó kù."

Èrò ọmọlúàbí ni, ó sì bá ọgbọ́n mu bí kì í bá ṣe ti tẹ́mósítáàtì ara ògiri yẹn. 1 jẹ́ nǹkan bíi dígírì 12. Fáàfù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tì ní 12, tẹ́mósítáàtì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà sì ń retí 22. Ooru tó ń jò wá láti pálọ̀ nìkan ló ń bá a, kò sì kọjá 17. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹnì kan máa ké sí alásè bí oúnjẹ bá ti jinná, tí wọ́n wá ti ẹni náà mọ́ ìta. Bọ́ílà kò gbọ́ "ó tó" láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo omi gbígbóná náà ń wá ibi tí ọ̀nà ṣí sí, pálọ̀ tó wà lórí 5 ló sì ń gbà á, títí wọ́n á fi ṣí fèrèsé. Ojú fèrèsé yẹn ni owó àbúrò mi ń gbà jáde.

Ohun tí a ṣe ni pé a ṣí fáàfù ọ̀dẹ̀dẹ̀ pátápátá sí 5, kó má ṣe bá ẹ̀rọ ara ògiri du àṣẹ. A yí ẹ̀rọ ara ògiri sí 20. Pálọ̀ lọ sí 3, yàrá tọkọtaya sí láàárín 2 àti 3, ti ọmọ dúró sórí 3, ti Màmá sí láàárín 3 àti 4 torí ọjọ́ orí rẹ̀. Yàrá kékeré tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, a fi í sí 2, a ò pa á. Yàrá tí a bá pa ooru rẹ̀ pátápátá ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin ilé á lọ sùn síbẹ̀, ògiri á sì bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́. Mo ní kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí fáàfù kọ̀ọ̀kan lè gbọ́ ti yàrá tirẹ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Màmá pè. Yàrá òun ti ń tutù díẹ̀ lálẹ́. Ọkàn mi dàrú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e yẹ̀ wò, ó yé mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kéré, rádíétọ̀ ibẹ̀ tóbi, ó ń yára dé 20, bọ́ílà sì ń sinmi kí omi tó ráyè gun òkè tẹ́ yàrá Màmá lọ́rùn. 17 ni ó ń kà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dá lábàá lọ́dún 2018 fún inú ilé lásìkò òtútù ni 18, ó kéré tán, àwọn àgbàlagbà sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kí a mú un gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fún. Òdìkejì rádíétọ̀ kọ̀ọ̀kan ni fáàfù kejì wà tó dé fìlà láìní nọ́ńbà. Òun ni wọ́n fi ń pín omi láàárín àwọn rádíétọ̀. Mo ní kí àna mi ṣí fìlà ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó fi sípánà dí i pátápátá, kó sì tú u padà ní ìdajì yíyí péré. Báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀, bọ́ílà ń ṣiṣẹ́ pẹ́ tó fún àwọn tó wà lókè. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, yàrá Màmá ka 21. Ó bọ́ súwẹ́tà kan sílẹ̀.

Àbúrò mi ti ń kọ nọ́ńbà mítà gáàsì sílẹ̀ láràárọ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ pè mí. Mo ti ní kó máa ṣe é. Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, bíi mítà kíúbíìkì 10 ni wọ́n ń sun lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ nǹkan bíi kilowáàtì-wákàtí 11. Ní ìparí oṣù náà, ó ti wà láàárín 6 àti 7. Mi ò lè fi gbogbo rẹ̀ sórí iṣẹ́ wa, torí òtútù ìta náà ti rọlẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn. Ṣùgbọ́n fèrèsé pálọ̀ ò ṣí mọ́, èmi fúnra mi ń wò ó bí wọ́n bá pè.

Rádíétọ̀ ilé ìwẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Òkè rẹ̀ gbóná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Bó bá jẹ́ òkè ló tutù ni, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, a bá ti tú u jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kékeré rẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó tutù, ìdọ̀tí dúdú láti ara irin tó ń dípẹtà ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, fífọ̀ ló fẹ́, ìyẹn ju ọmọorógùn lọ. Àbúrò mi ti kọ̀wé sí éjẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀.

Màmá padà sílé ní oṣù kẹrin. Ọmọorógùn náà bá a bọ̀, ó wà ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Mọ̀lípà. Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn wọlé ní Leeds, àna mi fi àwòrán méje ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kan náà. Bọ́ílà ti wà ní pípa, fèrèsé ṣí, orí fáàfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń bẹ nínú yàrá àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà lórí 5, kí sípíríǹgì ti píìnì gbogbo wọn jáde títí òtútù á fi tún dé.